Mẹ́dàlì Tó Wà Láyà Kóòṣì

Ìyàwó Kóòṣì ń lọ aṣọ ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tó gbójú sókè, tó rí i pé abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn mẹ́dàlì ni ọkùnrin náà fi ń tayín. Ó yọ ẹran kan jáde, ó wò ó, ó dá a padà sẹ́nu, ó sì jẹ ẹ́.

"Ẹ gbé e wá, kí n fọ̀ ọ́," ìyàwó rẹ̀ wí.

"Kí lo fẹ́ fọ̀ níbẹ̀? Ṣebí eyín èmi náà ni."

Ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nílé ìdáná, ó da omi gbígbóná lé e lórí, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó fi aṣọ funfun nù ún títí tó fi ń dán. Lẹ́yìn náà ló wá fọ ọwọ́ ara rẹ̀, nítorí ìríra náà kò tíì kúrò lára rẹ̀.

Ọjọ́ yẹn ni ilé-ẹ̀kọ́ fẹ́ fi orúkọ Kóòṣì pe pápá ìṣeré. Láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú kirikiri ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ìlú kékeré náà ní ìṣirò àti bọ́ọ̀lù. Ká má purọ́ mọ́ ọn, ó mọ̀ ọ́n kọ́. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo bí ọlọ á sáré tí Kóòṣì bá ti fọn fèrè. Àmọ́ bọ́ọ̀lù kọ́ ni ìlú fi ń wárí fún un, ogun ni. Kí ọmọ kan ṣáà ti jókòó nígbà ìdánrawò, Kóòṣì á ti bẹ̀rẹ̀: "Lójú ogun, lórí afárá yẹn..." Ọmọ náà á dìde fúnra rẹ̀.

Ọdún tí wọ́n kó dé ìlú náà ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ìgbà yẹn wá kí wọn nílé. Ó rí mẹ́dàlì lórí tábìlì, ó di Kóòṣì lọ́wọ́ mú, ó kí i kú ewu ogun. Ìyàwó ń gbé omi bọ̀ fún àlejò. Ó gbé omi kalẹ̀, ó padà sí ilé ìdáná. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá ọ̀rọ̀ ogun sílẹ̀ nínú ilé rẹ̀ rárá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sọ fún un nígbà kan pé ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìyàwó dá a lóhùn pé kí tòun kúkú dákẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìtàn afárá kò ju gbólóhùn kan lọ nígbà yẹn. Nígbà tó yá, ó yọ ọwọ́, ó yọ ẹsẹ̀.

Nígbà tí ìyàwó fọ mẹ́dàlì tán, ó wọ ẹ̀wù fún ọkọ rẹ̀, ó so mẹ́dàlì mọ́ ọn láyà, ó tọ́ ọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ti afárá lónìí."

"Kí ló dé?"

"Ọmọ ogun kékeré tó kú síbẹ̀ ní ìyá. Ẹ sọ ti bọ́ọ̀lù, ìyẹn náà tó ìyìn. Tí ẹ bá sọ ti afárá, èmi pẹ̀lú yín ò tún jọ jẹun lórí tábìlì kan náà mọ́."

"Mo ti gbọ́, ìyá àwọn ọmọ. Àbí kí n búra ni?"

Ní pápá, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ fẹ́ kí ìyàwó jókòó síwájú. Ó ní rárá, orúnkún òun ń dun òun, òun fẹ́ ibi tí òun á ti na ẹsẹ̀. Ó lọ jókòó sí ìlà ẹ̀yìn. Ọ̀gá wá kéde pé àwọn ti ránṣẹ́ sí bárékè, pé ọ̀gá ológun kan tó ti fẹ̀yìn tì ń bọ̀ wá kí akọni wọn. Kóòṣì fọwọ́ kan kọ́là rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

Ó gun pèpéle, ó sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ó sì sọ ọ́ dáadáa. Ara ìyàwó rẹ̀ ti ń balẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo: "Afárá! Afárá!"

Kóòṣì wo ìlà ẹ̀yìn. Ó yára gbé ojú kúrò.

"Ọ̀gá ológun kan tó fara gbọta ni mo gbé sẹ́yìn," ó ní. "Ìbọn ń dún lọ́tùn-ún, ó ń dún lósì. Ẹnì kan tó kù sẹ́yìn wá ń ké bí ewúrẹ́: 'Mẹ̀ẹ̀ẹ̀, ẹ má fi mí sílẹ̀ o!'"

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé wọ́n rẹ́rìn-ín, ó tún un ké.

Itọ́ kíkorò kún ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu, ó tu ú sínú áńkáṣíìfù. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ti sọ̀rọ̀ igbe ọmọ yẹn rí, nínú yàrá, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, ẹkún kò sì jẹ́ kí ẹni tó ń sọ ọ́ sọ ọ́ parí. Ọ̀rọ̀ yàrá ni. Òun ni ọkùnrin yìí wá fi ń pa ọmọdé lẹ́rìn-ín. Ọkùnrin yìí rí i lára, láti orí dé ẹsẹ̀.

Ìgbà náà ló rí àlejò. Ọkùnrin àgbà kan nínú aṣọ ológun dúró létí pápá, ó fi fìlà há abíyá, ojú rẹ̀ le koko. Ó ti pẹ́ níbẹ̀. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìyàwó Kóòṣì wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó sì tẹ orí ba.

"Ẹ káàbọ̀, sà!" ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kígbe. "Ẹ wá kí akọni ẹlẹgbẹ́ yín."

Kóòṣì sọ̀kalẹ̀, ó na ọwọ́.

Ọkùnrin àgbà náà kọjá lára ọwọ́ ọ̀hún, ó rìn títí dé ìlà ẹ̀yìn, ó dúró ṣánṣán níwájú ìyàwó, ó gbé ọwọ́ sí iwájú orí bí ọmọ ogun ṣe ń kí ẹni tó jù ú lọ, ó ní: "Sájẹ́ǹtì, ẹ̀yin tí ẹ gbé mi sẹ́yìn kọjá afárá yẹn, ta lẹ yá ní mẹ́dàlì yín?"