Oyún Adédùntán

Ní ọdún 1959, àwọn obìnrin kan ń ṣa èésan, èèpo líle tó fọ́, kúrò lára ekùrọ́ ní sítọ́ọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Jọláyẹmí, lẹ́bàá ibùdó réluwéè Ìkìrun. Òfin kan wà níbẹ̀ tí kò sí nínú ìwé kankan: obìnrin tí ikùn rẹ̀ bá ti yọ, kó máa lọ sílé, kó má sì padà wá.

"Sítọ́ọ̀ ni mo ṣí, n kò ṣí ilé ìgbẹ̀bí," ni Jọláyẹmí máa ń wí. Ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà púpọ̀, òun nìkan ló sì máa ń fi rẹ́rìn-ín.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń yẹ ara àwọn obìnrin wò kí wọ́n má baà jí ekùrọ́ lọ. Ó kan Bọ́sẹ̀dé, ọmọ Ìníṣà tí kì í sọ̀rọ̀, tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sí Gánà. Jọláyẹmí rí kókó kan létí ìró rẹ̀, ó tú u. Òkúta kékeré kan ló bọ́ sí i lọ́wọ́.

"Ṣé o fẹ́ sè é jẹ ni?"

Ekùrọ́ ló ń wá, nítorí náà kò ro nǹkan mìíràn. Ó ju òkúta náà sílẹ̀. Bọ́sẹ̀dé bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó bá tirẹ̀ lọ. Adédùntán, ará Òkukù tó wà lẹ́yìn rẹ̀, dúró wò ó títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ikùn Adédùntán yọ. Kò fi pamọ́. Ńṣe ló ń gbé e kọjá níwájú tábìlì ọ̀gá bí ẹni ń polówó ọjà.

"Adédùntán, o ti lóyún."

"Ojú yín ríran, sà."

"O mọ òfin. Máa lọ sílé."

"Òfin yín ni mo mọ̀. Ẹ jẹ́ n lọ bi ìjọba bóyá àwọn náà mọ̀ ọ́n."

"Ta ni yóò tẹ́tí sí irú ẹ?"

"Ẹni tó bá ní etí ni, sà."

Ó jáde lójú ẹsẹ̀. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn sì mú. Ìyá àgbà kan tó ń ta ẹ̀pà ní ibùdó réluwéè kígbe mọ́ ọn:

"Ìyàwó! Ṣé inú oòrùn yìí lo ń gbé oyún rìn? O ò tilẹ̀ so òkúta mọ́ aṣọ nítorí ẹ̀mí àìrí!"

"Ẹ má bẹ̀rù, ìyá. Kò sí ohun tí yóò ṣe é."

Adédùntán di irin mú, ó fò sókè sínú réluwéè Òṣogbo.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó padà dé pẹ̀lú Ọ̀gbẹ́ni Akínyẹlé, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Akínyẹlé sọ ọ́ níṣojú gbogbo wọn pé a kì í tìtorí oyún lé obìnrin: yóò sinmi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìbí àti mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, yóò sì padà bá iṣẹ́ rẹ̀ níbi tó fi í sí.

Jọláyẹmí nu òógùn ojú. "Mo gbọ́, sà. Kí Adédùntán padà sẹ́nu iṣẹ́."

"Rárá o," ni Adédùntán wí. "Ẹ má kọ orúkọ mi. Ẹ kọ ọ́ pé obìnrin yòówù tó bá lóyún níbí. Kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ kàn án mọ́ ògiri."

"Kí ló kàn ọ́ nínú tàwọn yòókù?"

"Gbogbo wa la jọ ń ṣa èésan."

Akínyẹlé ní òótọ́ ló sọ. Jọláyẹmí kọ ọ́, ó fọwọ́ sí i, ó sì fi ìbínú kan ìṣó mẹ́rin síbi tí méjì ì bá tó. Inú àwọn obìnrin náà dùn débi pé wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ìṣó kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí réluwéè Akínyẹlé fọn fèrè, tó sì lọ, Adédùntán tú ìró rẹ̀, ó fa àkísà aṣọ tó ká róbótó yọ níkùn, ó kó o lé tábìlì ọ̀gá, Bọ́sẹ̀dé sì bọ́ síwájú, ó di kókó òkúta etí ìró rẹ̀ mú, ó ní, "Èmi ni mo lóyún, sà."