Ilẹ̀kùn Ọkàn Adéọtí

Adéọtí agbẹ̀bí jókòó ní pálọ̀ rẹ̀ ní Ìkìrun, ògiri tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò ń gbà sọ̀rọ̀ sì ń bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn tó ń darí ẹ̀jẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀ ti bàjẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ yan ètò adójútòfò tí wọn yóò fi ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Látúndé ọkọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kò gbà kó lanu títí aláìsàn yóò fi yàn tán.

"Ètò kìíní, a ó fi ilẹ̀kùn tiwa tí a fi ẹ̀rọ ṣe sí i lọ́la, àwa la ó sì máa ṣọ́ ọ," ni ògiri wí. "Ètò kejì, ẹ ó dúró di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí tuntun lè hù láti inú ẹran ara yín, ṣùgbọ́n ewu wà nínú ìdúró náà."

"Bí mo bá ń sáré lọ bá ẹni tó ń rọbí ńkọ́?"

"Tiwa yóò dín agbára yín kù títí ẹ ó fi jókòó, Mà."

Adéọtí wo ọkọ rẹ̀. Omi ti lé ròrò sójú Látúndé. Ti ọ̀la ló ń fẹ́.

"Ètò kejì," ló wí.

Iná ògiri kú.

"O ò ro tèmi mọ́ ọn?" Látúndé bi í.

"Mo rò ó, Bàbá Fìjàbí. Tẹ́ ẹ bá ń bá mi níjòókòó lójoojúmọ́, ẹ ò ní mọ̀ mí mọ́."

Látúndé jáde, ó lọ palẹ̀ ẹrù inú mọ́tò mọ́.

"O ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ rìn lọ gbẹ̀bí mọ́," ó ké wọlé. "Èmi ni n ó máa gbé ọ lọ."