Ṣòkòtò Ọ̀nà Burkina

Aránṣọ ń wọn ìbàdí Ọnọ́rébù, aṣòfin kan, lọ́wọ́ ní àdúgbò Adabraka nígbà tí Bàdírù, tó ń wa ọkọ̀ àlùbọ́sà láti Burkina, gbé ṣòkòtò kan wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi bọ́tìnnì sí ẹsẹ̀ ẹ̀, kí n lè máa ká a sókè. Ọ̀nà méjì ló wà. Àwọn oníjìhádì ọ̀nà kìíní ń na ẹni tí ṣòkòtò ẹ̀ bá gùn kọjá kókósẹ̀. Ti ọ̀nà kejì kì í bèèrè, wọ́n ń yìnbọn ni. Bí sójà bá sì rí ṣòkòtò kúkurú, wọ́n á ní mo wà lára àwọn oníjìhádì."

"Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn," Ọnọ́rébù ní. "Ìjọba wa ò ní bá wọn sọ̀rọ̀ láéláé."

Bàdírù jáde.

"Ran irú ẹ̀ fún mi," Ọnọ́rébù ní. "Ọjọ́bọ̀ ni mò ń lọ sọ́dọ̀ wọn."

"Sọ́dọ̀ àwọn wo?" aránṣọ bèèrè.

"Àwọn tó ń nani. Àwọn yẹn ṣeé bá sọ̀rọ̀."