Àwọn Ìwé Tí Cecilia Tì Mọ́ Inú Gíláàsì

Ẹ̀mí ṣekárími ló ba ti Cecilia Ògúntúndé jẹ́. Obìnrin náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ó ń bójú tó ilé rẹ̀, kì í sì í pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tí àlejò kò bá ní í rí kó yanu, Cecilia kò kà á kún.

Ní nǹkan bí ọdún 2004, òun àti Akínbíyì ọkọ rẹ̀ àti Tiwa ọmọ wọn ń gbé nínú ẹ̀sítéètì kan ní Ìkòsì. Súmbọ̀, àbúrò ọkọ rẹ̀, ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Ọmọ Agboyi ni Akínbíyì, etí odò ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ epo rọ̀bì lójú òkun ló ń ṣe, ó sì máa ń pẹ́ kó tó wálé. Tiwa kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. "Daddy, ṣé ẹja máa ń sùn? Ibo ni òjò máa ń wà kó tó rọ̀?" Inú bàbá rẹ̀ a máa dùn, nítorí abèèrè kì í ṣìnà.

Nígbà tí Akínbíyì fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ra àwọn ìwé kan fún ọmọ rẹ̀. Kì í ṣe ìwé àlọ́ ìjàpá. Ìwé nípa ohun tó wà lóòótọ́ ni wọ́n: ẹja, òjò, kòkòrò, ara ènìyàn, pẹ̀lú àwòrán tó ń dán. Ó ní, "Tiwa, ìdáhùn ẹ wà nínú ìwé yìí. Mummy á máa kà á fún ẹ. Tí mo bá dé, èmi pẹ̀lú ẹ la jọ máa kà á."

Bóyá ni Akínbíyì tíì dé Kétu tí Cecilia fi kó gbogbo ìwé náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tó wà ní pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àwo tánganran tí ẹnikẹ́ni kò jẹun nínú wọn rí. Ó tò wọ́n dáadáa, ó tì í, ó sì sọ kọ́kọ́rọ́ sínú báàgì rẹ̀.

"Mummy Tiwa, ẹ jẹ́ kó wò ó ná," Súmbọ̀ bẹ̀ ẹ́.

"Kí ni ọmọ kékeré fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹja ṣe? Jẹ́ kó mọ ABC ná. Kò sẹ́ni tó ní irú ìwé yìí nínú ẹ̀sítéètì wa."

Ìwé nìkan kò tó o, ó fẹ́ kí ọmọ náà fọhùn pẹ̀lú. Ó yọ gbólóhùn kan nínú ìwé ẹja, ó ní kí Tiwa há a sórí. Bí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì bá ti jókòó, á pè é jáde.

"Tiwa, what is a fish?"

"A fish is an animal that lives in water and breathes with gills."

Wọn á pàtẹ́wọ́. Lọ́jọ́ kan, ọmọ náà fi kún un pé, "Mummy, kí ni gills?" Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Ojú ti Cecilia, nítorí òun náà kò mọ̀ ọ́n. "Ohun tí wọ́n bá bi ẹ́ ni kó o dáhùn," ló wí, ó sì lé e wọ yàrá.

Ní Sátidé kan, ó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sára kọ́bọ́ọ̀dù, ó lọ pàdé àlejò lẹ́nu géètì. Nígbà tó padà wọlé, Tiwa ti jókòó sílẹ̀, ó ṣí ìwé ẹja sórí ẹsẹ̀, ó ń fi ìka wá ibi tí ẹja ti ń sùn. Mọ́ín-mọ́ín ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ. Epo ti kan ojú ìwé. Cecilia já ìwé náà gbà, ó fi rúlà na ọwọ́ ọ̀tún ọmọ náà, ó na ti òsì.

"Ọwọ́ ẹ sẹ́yìn! Níbikíbi tó o bá ti rí ìwé yìí, ẹ̀yìn ni kí ọwọ́ ẹ wà. Ṣó o ti gbọ́?"

"Yes, Mummy."

Súmbọ̀ sáré jáde láti kíṣìnnì. "Ẹ rọra o, Mummy Tiwa. Epo lásán ni."

"Ṣé ìwọ lo bá mi bí i ni?"

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Láti ọjọ́ náà, Tiwa kò béèrè nǹkan kan mọ́. Cecilia rò pé ọmọ òun ti gbọ́n ni. Ó tilẹ̀ ń fi ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ yangàn fún àwọn aládùúgbò.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, Akínbíyì wálé. Kò tíì bọ́ bàtà tó fi béèrè ìwé. Ó tẹ́ ẹní sí pálọ̀, ó ṣí ìwé ẹja. "Tiwa, wá, jẹ́ ká wò ó bóyá ẹja máa ń sùn."

Ọmọ náà wá. Ó dúró, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

"Fọwọ́ kàn án, ọmọ mi."

Ọwọ́ kò kúrò lẹ́yìn. "A fish is an animal that lives in water and breathes with gills," ni Tiwa wí, ó sì ń retí àtẹ́wọ́.

"Ṣó ò fẹ́ mọ̀ bóyá ó máa ń sùn ni?"

"Rárá, Daddy."

"Kí lo wá fẹ́ mọ̀?"

"Kò sí."

Akínbíyì pa ìwé dé. Kò pariwo. "Cecilia, kí lo ṣe fún ọmọ mi?" ló kàn béèrè.

Cecilia ju kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù náà nù. Ó kó àwọn ìwé náà sórí ẹní kí ọmọ lè mú èyí tó bá wù ú, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ wọn ni Tiwa ń gbà kọjá. Ìyá ló wá di oníbéèrè. "Tiwa, kí ni wọ́n kọ́ yín lónìí?" "Ohun tí wọ́n kọ́ wa náà ni, Mummy." Ìgbẹ̀yìn ní í yé olókùú àdá. Nígbà tó yá, Cecilia jókòó, ó ka ìwé ẹja náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ojú ìwé tí epo kàn gan-an ni ìdáhùn wà.

"Tiwa! Ẹja máa ń sùn o. Kì í kàn pa ojú dé ni."

"Ẹ ṣé, Mummy," ni ọmọ náà dáhùn. Ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí ìyá rẹ̀ fi ní kó máa lọ.

Ẹ̀yin òbí, ẹ fi ti Cecilia kọ́gbọ́n. Kékeré ni ìmàle ti ń kọ́ ọmọ rẹ̀ lóṣòó. Kékeré náà la ti ń jẹ́ kí ọmọ wá òótọ́ nínú ìwé. Ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ ẹja, òjò àti kòkòrò ti ju ọmọdé lọ, nítorí òun ló kọ́kọ́ béèrè. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ kà á fún un. Bí ẹ kò bá mọ ìdáhùn, ẹ jọ wá a. Ìwé tí ọmọ fi epo yí ṣì ṣe é kà, ṣùgbọ́n ọmọ tí a bá lé ìbéèrè kúrò lẹ́nu rẹ̀ lè má béèrè mọ́ láé.