Ohùn Tó Jáde Nínú Mọ́tò Akíntáyọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa mọ́tò, ẹ ka ìtàn yìí kanlẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ ní ẹ ti mọ ibi tó ń lọ. Ẹ ò mọ̀ ọ́n.

1. Mọ́tò ẹni ńlá

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni Akíntáyọ̀ Ògúnbọ̀dé, Ajíbọ́dè ni òun àti Títíladé ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Ó ra mọ́tò tòkunbọ̀ kan tó ní bùlútúùtù. Bí ẹnikẹ́ni bá ti pè é, inú sípíkà mọ́tò ni ohùn onítọ̀hún ti máa ń jáde, kò ní í fọwọ́ kan fóònù rárá. Nǹkan tó dára ni. Ó ń jẹ́ kí ọwọ́ awakọ̀ wà níbi tó yẹ kó wà. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo ohun tí arákùnrin yìí ń fi ṣe. Yóò yí ohùn rẹ̀ sókè dé òpin, yóò sọ gíláàsì wálẹ̀, kí àwọn ọlọ́kadà lè mọ̀ pé ẹni ńlá ń kọjá. Ẹni ńlá, nínú tòkunbọ̀ tí ẹ̀rọ amútútù rẹ̀ ti kú!

Kì í sì í sọ fún ẹni tó pè é pé èèyàn wà nínú ọkọ̀. Lọ́jọ́ kan tó gbé àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀, Títíladé pè é láti ilé ìwòsàn, ó ń ṣàlàyé àìsàn tí obìnrin kì í sọ létí ẹlòmíràn. Gbogbo ọkọ̀ ló gbọ́ ọ. Nígbà tí Títíladé mọ̀ pé wọ́n gbọ́, ó sunkún gan-an.

"Ṣé o ò lè sọ pé èèyàn wà lọ́dọ̀ rẹ ni?"

Akíntáyọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ayé ti lajú, Títí. Ta ló tún ń fọwọ́ mú fóònù?"

Ẹ gbọ́ èsì òmùgọ̀.

2. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni Ọlọ́runfúnmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àkọ́bí ìyá wọn, ṣubú lójijì, ó sì kú. Màmá wọn wà ní Erúnmu, ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń bá a fínra. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í ṣàdédé sọ fún abiyamọ pé ọmọ rẹ̀ kú. Àwọn àgbà ẹbí ní kí wọ́n gbé Màmá wá sí Ọlọ́runṣògo, sílé Bàbá Ìyàndá, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Nọ́ọ̀sì á ti wà níbẹ̀, àlùfáà ìjọ á ti wà níbẹ̀, Màmá á jẹun, á lo oògùn rẹ̀, kí wọ́n tó rọra túfọ̀ fún un.

Akíntáyọ̀ ni wọ́n rán. Bàbá Ìyàndá di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó pe oríkì rẹ̀.

"Àkàndé, sọ fún Màmá pé mo fẹ́ rí wọn, ó tán. Wọn ò gbọdọ̀ gbọ́ lójú ọ̀nà o. Pa fóònù ẹ."

"Ẹ má ṣèyọnu, sà."

Kò pa á.

3. Ọ̀gá ń pè

Ní Erúnmu, Ìyá Rilwan, aládùúgbò Màmá, bá òun àti Màmá wọ ọkọ̀. Wọ́n ti sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún un, kó lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti kọjá Ẹgbẹ́dá nígbà tí fóònù dún, tí orúkọ ọ̀gá àgbà ibi iṣẹ́ Akíntáyọ̀ yọ lójú rédíò.

Òun fúnra rẹ̀ ló fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá yìí láàárọ̀ pé Ọlọ́runfúnmi ẹ̀gbọ́n òun kú, òun ò ní lè wá síbi iṣẹ́. Ó mọ ohun tó lè torí ẹ̀ pè. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀gá máa ń sọ níbi iṣẹ́, Màmá ò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Ìyá Rilwan náà ò gbọ́. Akíntáyọ̀ wá rò ó nínú agbárí rẹ̀ tó ṣófo pé àwọn ìyá méjèèjì á kàn gbọ́ bí òun àti ọ̀gá ṣe ń da èdè òyìnbó bolẹ̀ ni, wọ́n á sì ròyìn òun dé Erúnmu. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú o, ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn.

"Àkàndé, jọ̀ọ́, má gbé e," Ìyá Rilwan bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ máa gbọ́, mà. Ọ̀gá wa pátápátá ni." Ó tẹ bọ́tìnnì. "Gúùdù mọ́níìn, sà!"

Ẹ sọ fún mi, ọmọ Yorùbá wo ló ń fi Gẹ̀ẹ́sì báni kẹ́dùn?

"Ọ̀gbẹ́ni Ògúnbọ̀dé, ẹ kú àmúmọ́ra o," ni ọ̀gá wí. "Ẹ kú ará-fẹ́ra-kù. Háà, Ọlọ́runfúnmi lọ! Ọlọ́run á tu ìyá yín nínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra túfọ̀ fún wọn o."

Akíntáyọ̀ ń wá bọ́tìnnì tí yóò fi pa á. Èyí tó ń gbé ohùn sókè ló tẹ̀. Àdúrà ọ̀gá gba gbogbo inú ọkọ̀.

Màmá di èjìká rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn. "Fúnmi? Àkàndé, Fúnmi tèmi?"

Ọwọ́ Màmá já bọ́ lára èjìká rẹ̀, Ìyá Rilwan sì figbe ta.

4. Ohun tó kù

Màmá ò kú. Àrùn rọpárọsẹ̀ mú apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún, ahọ́n rẹ̀ ò sì gbé ọ̀rọ̀ mọ́. Ìbéèrè tó bi Akíntáyọ̀ nínú ọkọ̀ ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tó yéni lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n sin Ọlọ́runfúnmi, ìyá rẹ̀ ò rí ohùn fi pe orúkọ rẹ̀ sunkún.

Bàbá Ìyàndá ò pariwo. Níwájú gbogbo ẹbí, ó ní, "Ká ní ọmọdé la rán ni, ì bá jẹ́ iṣẹ́ náà dáadáa. Láti òní lọ, bí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀ nínú ẹbí yìí, ìwọ la ó sọ fún kẹ́yìn."

Akíntáyọ̀ ṣì máa ń lọ dọ̀bálẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn Màmá. "Màmá, ẹ foríjì mí." Bí Màmá bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀, yóò yíjú sí ògiri títí Akíntáyọ̀ fi máa dìde lọ.

Ẹ̀yin ọlọ́mọ́tò, bùlútúùtù kọ́ ni mò ń bá jà, ṣekárími ni. Bí ẹ bá gbé èèyàn, tí ẹnìkan sì pè yín, kí ẹ kọ́kọ́ sọ pé, "Mo gbé èèyàn o, wọ́n ń gbọ́ wa." Bí ọ̀rọ̀ náà kì í bá ṣe ti gbogbo ayé, ẹ má gbé e, ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kí ẹ bọ́ sílẹ̀ pè é padà. Bí àgbà bá sì ní kí ẹ pa fóònù, ẹ pa á. Ẹyin lohùn: bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.