Ìjàpá Òkun Mi Ti Padà Wálé

Ìròyìn náà fi ọjọ́ kan pẹ́. Òjò ti dí ojú ọ̀run, ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn ìjàpá òkun náà kò rí oòrùn fi sọ̀rọ̀. Àárọ̀ yìí ni ohùn ẹ̀rọ náà tó dún létí mi, bí ẹni pé ìjàpá náà ló ń sọ̀rọ̀: "Mo gúnlẹ̀ sí etíkun Ìlàjẹ lánàá. Mo ti yé ẹyin."

Mo pariwo. Ẹrù bọ́ lọ́wọ́ mi sílẹ̀ ní èbúté. Ìjàpá tí mo fọwọ́ ara mi tú sínú òkun nígbà tí mo wà lọ́mọdé ló padà wálé!

"Kí ló dé?" Akínfọlárìn, àfẹ́sọ́nà mi, bi mí. Ọkọ̀ wa ti ń fun fèrè. Ìlú orí omi là ń lọ, níbi tí wọ́n ti fi mí ṣe ọ̀gá àwọn tó ń dáàbò bo ẹran òkun.

"Ó ti yé ẹyin, Akin! Òfin ní ẹni tó tú u sílẹ̀ ni kó ṣọ́ ẹyin rẹ̀. Bí n kò bá dé kí oòrùn tó wọ̀, ìjọba á kó wọn lọ sílé ìpamọ́. Àwọn ọmọ náà kò ní mọ òórùn iyanrìn tí wọn yóò padà sí bí wọ́n bá dàgbà."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbà mí o, ìjàpá fẹ́ gba ìyàwó mi!" Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. "Bí ọkọ̀ yìí bá fi ọ́ sílẹ̀, wọ́n á gbé ipò yẹn fún ẹlòmíràn, Ìbídùn."

"Mo mọ̀." Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. "N kò lọ mọ́, Akin. Mo ń padà lọ ṣọ́ ẹyin wọ̀nyẹn. Bí o bá fẹ́, jẹ́ ká jọ máa lọ."