Hóró Tí Balser Hú Lókè Ilé Ara Rẹ̀

Ẹ ka ìtàn yìí títí dé gbólóhùn tó kẹ́yìn, pàápàá jù lọ ìwọ tí o máa ń yọjú lójú fèrèsé wo ohun tí aládùúgbò rẹ gbé wọlé. Abúlé Vallatscha ló ti ṣẹlẹ̀, lórí àwọn òkè Swítsálándì.

1.
Lọ́dún tí Balser gbé Mengia níyàwó, ìjì wó gbogbo igi páìnì tó wà lókè ilé wọn àti ti àwọn aládùúgbò. Igi wọ̀nyẹn ló ń di yìnyín mú lórí òkè kó má baà ya lu ilé. Ẹ̀gbẹ́ òkè náà wá ṣófo, Mengia kò sì lè sùn dáadáa mọ́ nígbà òtútù.

Opó kan tí wọ́n ń pè ní Màmá Neisa ló múlé gbè wọ́n. Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹyẹ ajẹhóró á bá wa gbìn ín padà. Ẹ ṣáà má lé wọn."

Balser kàn fi imú rẹ́rìn-ín ni. Ẹyẹ tó ń fọ́ èso páìnì, tó ń kó hóró rẹ̀ sí ọ̀fun títí ọrùn rẹ̀ á fi wú, òun ni wọ́n ní yóò gbin igi! Ta ló rí olè rí tó ń bá onílé dáko?

2.
Páìnì, tí abúlé ń jẹ hóró inú èso rẹ̀, kì í so dáadáa lọ́dọọdún. Bó bá so lọ́dún yìí, ó lè sinmi ọdún mélòó kan. Ìdí nìyẹn tí òfin fi wà ní Vallatscha pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ká èso kí wọ́n tó lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì, kí gbogbo ilé lè jọ gòkè lọ lọ́jọ́ kan náà.

Nígbà tí ọdún èso dé, Balser yọ́ lọ wo igbó páìnì tó ṣẹ́kù kí agogo tó dún. Ó bá èèpo èso nílẹ̀ rẹpẹtẹ. Ojú tó gbé sókè, Màmá Neisa ló rí tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ òkè tó ṣófo, tó ká etí aṣọ rẹ̀ sókè bíi pé nǹkan wà nínú rẹ̀.

"Màmá, kí lẹ gbé?"

"Olú ni mo lọ ṣa. Kí ló dé?"

"Kò sí o. Mo kàn ń béèrè ni."

Ẹ̀yin ará, ì bá kúkú ní kí obìnrin náà fi olú han òun, ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfura máa ń dùn mọ́ àwọn kan lẹ́nu ju òtítọ́ lọ.

Bó ṣe délé ló sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Mengia, obìnrin yẹn ló ń jí èso abúlé."

"Màmá Neisa? Ẹni tó gbẹ̀bí ọmọ wa?"

"Kí ló wá dé tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹyẹ? Kó lè rí ẹni di ẹ̀bi rù ni!"

"Hùn. Tó bá dọ̀la, èmi náà á dolè nìyẹn."

Láti ọjọ́ náà ni Balser ti ń fojú ṣọ́ búrẹ́dì inú kọ́bọ́ọ̀dù.

3.
Ó mú ọkọ́, ó lọ síbi tí opó náà ti ń bọ̀. Ó rí ibi tí ilẹ̀ rú díẹ̀, ó gbẹ́ ẹ. Hóró páìnì! Ó gbẹ́ ibòmíràn, hóró tún ni. Ó tú gbogbo ilẹ̀ tó wà lókè ilé rẹ̀ bí ẹlẹ́dẹ̀, ó sì hú àwọn èyí tó ti yọ ewé dànù. Ó di hóró náà sápò, ó dà á sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì bí ìsìn ṣe parí.

"Ẹ wá wo ẹ̀rí! Neisa, olè ni ọ́! Orí òkè lò ń rì í mọ́ sí!"

Màmá Neisa wo hóró, kò tilẹ̀ rántí bínú. "Balser, níbo lo ti hú u?"

"Lókè ilé wa!"

"Yéè! Ẹyẹ ló rì í síbẹ̀. Igi tó máa gba ilé rẹ là lo hú yẹn!"

Àwọn kan gbà á gbọ́, àwọn kan ń kùn. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí orúkọ olè ṣe ń lẹ̀ mọ́ ènìyàn. Ìkíni dín, ojú yí padà. Kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀, Màmá Neisa ti kó lọ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin ní ìsàlẹ̀ àfonífojì. Balser sì gbé ìbọn, ó ní òun ó pa àwọn ẹyẹ tó jẹ́ alájọpín olè náà. Láti ìgbà náà, ẹyẹ ajẹhóró kankan kò gbọdọ̀ bà lókè ilé rẹ̀.

4.
Ọdún gorí ọdún. Lókè ilé àwọn yòókù, páìnì ń yọ ní mẹ́ta mẹ́rin lójú kan, níbi tí ẹyẹ ti rì í tó sì gbàgbé. Hóró irú páìnì yìí kò ní ìyẹ́, afẹ́fẹ́ kò lè gbé e. Ẹnu ẹyẹ ló fi ń rìnrìn àjò. Lókè ilé Balser, koríko lásán ló wà níbẹ̀.

"Balser," ni Mengia wí, "ojú ìwọ náà rí i. Jẹ́ ká lọ bẹ Màmá Neisa."

"Kí èmi lọ bẹ olè?"

Ó ti mọ̀ nígbà náà pé òun ló jẹ̀bi. Ìgbéraga ni kò jẹ́ kó sọ ọ́.

Nígbà tí irun rẹ̀ ti funfun, tí ọmọ wọn ti ní ilé tirẹ̀, òtútù kan dé tí yìnyín pọ̀ gidigidi. Balser lọ ra iyọ̀, Mengia ń fún àwọn ewúrẹ́ lóúnjẹ. Yìnyín ya. Ibi tí igi wà, igi dá a dúró. Ibi tí igi kò sí, ó gbé ilé àti ilé ẹran lọ. Nígbà tí wọ́n wa Mengia jáde, ó ṣì di koríko ewúrẹ́ mú lọ́wọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Balser sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Màmá Neisa, tó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, ẹ dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì ẹ́ tipẹ́," ni ìyá náà wí, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n Balser, ta ló máa bá ẹ bẹ Mengia?"

Ìwọ tí o ń ka èyí, ṣọ́ra. Òótọ́ ni pé ìfura loògùn àgbà, ṣùgbọ́n oògùn tí a bá lò ju bó ṣe yẹ lọ, májèlé ni. Béèrè kí o tó dájọ́. Bí o bá sì ti ṣi ẹnìkan mú, tètè lọ bẹ̀ ẹ́ nígbà tí ẹ̀bẹ̀ ṣì wúlò. Àwọn àgbà ló sọ ọ́: ẹni tó bá ń gbẹ́ kòtò ìkà, kó má gbẹ́ ẹ jìn, torí òun fúnra rẹ̀ lè kó sínú rẹ̀.